Ṣé kí n bò ó mọ́lẹ̀ ni àbí kí n sọ ọ́? Bí onígbàgbọ́ ṣe lè fi ìfẹ́ àti òtítọ́ kojú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́

Tí wọ́n bá ṣẹ onígbàgbọ́, ìmọ̀ràn méjì tó ta ko ara wọn ló sábà máa ń gbọ́. Ẹnì kan á ní, "Ìfẹ́ a máa bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ẹlòmíì á ní, "Òtítọ́ là ń sọ. Má dákẹ́ o, jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ irú ẹni tó jẹ́." Àwọn méjèèjì ló ní ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn lé, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí nǹkan dojú rú fún ẹni tó ń gbọ́ wọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ á dákẹ́, á máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ á sì máa hó. Ẹni tó bá tẹ̀ lé èkejì á tú gbogbo rẹ̀ síta, ara á tù ú fúngbà díẹ̀, kó tó wá rí i pé ọ̀ràn tí ẹni méjì ì bá parí ti di ti gbogbo ìjọ.

Lójú tèmi, àṣìṣe kan náà ni àwọn olùgbaninímọ̀ràn méjèèjì ń ṣe. Wọ́n gbà pé ìfẹ́ ń fà sápá kan, òtítọ́ ń fà sápá kejì, kéèyàn wá yan ọ̀kan. Ìwé Mímọ́ ò pín wọn bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ lọ́jọ́kọ́jọ́. Iṣẹ́ tí ìfẹ́ ń ṣe ni pé kó pinnu ẹni tá a máa kọ́kọ́ sọ òtítọ́ náà fún, bá a ṣe máa sọ ọ́, àti ohun tá a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà lẹ́yìn tá a bá sọ ọ́ tán.

Ẹsẹ tá a máa ń ka ìdajì rẹ̀

"Fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ gẹ́gẹ́ bí ara rẹ." Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n nítorí pé Jésù tọ́ka sí i, àmọ́ inú Léfítíkù 19:18 ló ti kọ́kọ́ jáde, àwọn ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ló sì ń tú u palẹ̀. Ẹsẹ 16 ní kéèyàn má ṣe máa lọ káàkiri bí olófòófó. Ẹsẹ 17 ní kó má ṣe kórìíra arákùnrin rẹ̀ nínú ọkàn, kó bá a wí, kó má bàa jẹ̀bi nítorí rẹ̀. Ẹsẹ 18 wá ní kó má gbẹ̀san, kó má di kùnrùngbùn, kó fẹ́ràn ẹnì kejì rẹ̀.

Òfófó, ìkórìíra inú, ẹ̀san, gbogbo wọn lòfin náà kà léèwọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ṣe ni pé kó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀. Àṣẹ pé ká fẹ́ràn èèyàn kò jìnnà sí àṣẹ pé ká bá a wí, ẹsẹ tó tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n wà. Nítorí náà, ẹni tó ń yan odì, tó sì ń pe yíyan odì náà ní sùúrù, kò tíì dé ẹsẹ 18. Ẹsẹ 17 ló ṣì wà, apá tí wọ́n kà léèwọ̀ níbẹ̀ ló sì ń ṣe.

Kí wá ni ká ṣe sí 1 Pétérù 4:8, tó ní ìfẹ́ a máa bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn jọ ti Òwe 10:12, tó sọ pé ìkórìíra a máa rú ìjà sókè, àmọ́ ìfẹ́ a máa bo gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Ìjà rírú ni wọ́n fi bíbò mọ́lẹ̀ ṣe òdìkejì níbẹ̀. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ kì í gbé àṣìṣe ẹlòmíì kiri, kì í hú u síta nígbà tó bá wù ú, kì í fi dá ìjà sílẹ̀. Ìwé Òwe yìí kan náà ló tún sọ ní orí 28, ẹsẹ 13, pé ẹni tó bo ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ṣe rere. Bí ẹni tó kó owó ìjọ bá wá ń sọ pé bí ẹ bá ní ìfẹ́, ẹ ó bo òun láṣìírí, ẹsẹ ẹlòmíì ló ń kà. Orí 28 ni tirẹ̀ wà.

Èyí ò wá ní ká máa bá èèyàn wí lórí gbogbo nǹkan. Òwe 19:11 ní ògo ló jẹ́ fún èèyàn láti ré ẹ̀ṣẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe fún wa lójúmọ́ ló wà nínú èyí tó yẹ ká ré kọjá: ẹni tí kò kí wa, ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó gbàgbé pé òun ṣèlérí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi òtítọ́ bojú, àmọ́ ìjà gan-an ló ń dùn mọ́ wọn. Kó o tó lọ bá ẹnì kan, bi ara rẹ bóyá ohun tó ṣe ti di bárakú fún un, bóyá ó ń ṣe òun fúnra rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe, bóyá ó ti wọ àárín yín débi pé o ò lè gbàdúrà fún un láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gbà ọ́ lọ́kàn. Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, dídákẹ́ kì í ṣe ìfẹ́ mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbẹ̀rù. Ẹni tó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tó sì ń mú un jáde nígbàkigbà tí èdèkòyédè bá ṣẹlẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ ni.

"Ìwọ àti òun nìkan"

Mátíù 18:15 sí 17 ni ibi tí Jésù ti to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ. Bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ sọ ẹ̀bi rẹ̀ fún un, ìwọ àti òun nìkan. Bó bá gbọ́, o ti jèrè arákùnrin rẹ. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí ẹni méjì dání. Bí kò bá gbọ́ tiwọn, sọ fún ìjọ. Bí kò bá gbọ́ ti ìjọ, kó dà bíi kèfèrí àti agbowó òde sí ọ.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yìí la sábà máa ń fò. Ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, ọkọ tàbí ìyàwó wa ti gbọ́, ọ̀rẹ́ wa ti gbọ́, ẹgbẹ́ àdúrà náà ti gbọ́: "Ẹ bá mi fi arákùnrin báyìí sínú àdúrà o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ mí lóminú." Òfófó tó fi àdúrà bora nìyẹn, mi ò sì mọ ìjọ tí kò sí. Òwe 25:9 ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹnì kejì rẹ ni kó o bá ro ẹjọ́ rẹ, má tú àṣírí fún ẹlòmíì. Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó rí. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ òun kiri á gbàgbé ohun tó ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà orúkọ rẹ̀. O ti fún un ní ẹ̀sùn tiẹ̀ lọ́wọ́. Yàtọ̀ síyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwọ lo ṣi nǹkan gbọ́, tí èèyàn mẹ́wàá sì ti gba irọ́ gbọ́ nítorí rẹ.

Wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú orí náà. Ìtàn àgùntàn kan tó sọnù nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣáájú rẹ̀. Ìbéèrè Pétérù ló tẹ̀ lé e, nígbà tó bi Jésù bóyá ẹ̀ẹ̀meje ni kóun máa dárí ji arákùnrin òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn ẹrú tí wọ́n dárí gbèsè 10,000 tálẹ́ńtì jì, tó wá di ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí 100 dínárì, owó tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó bá yọ ẹsẹ 15 sí 17 kúrò láàárín àwọn ìtàn yìí, ìwé ìpẹ̀jọ́ ló máa sọ ọ́ dà. Àmọ́ ẹni tó ń wá àgùntàn kì í lọ kó lè fi hàn pé àgùntàn ló jẹ̀bi.

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ẹsẹ 16 sọ pàápàá kì í ṣe alátìlẹ́yìn ẹni tó ń fẹjọ́ sùn. Òfin Diutarónómì 19:15 ni Jésù ń tọ́ka sí, pé lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ti ń fìdí múlẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n sì lè sọ fún ọ pé ìwọ ló yẹ kó o tọrọ àforíjì. Ẹni tí kò bá lè mú irú ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un dání, kó dúró sílé ná. Ní ti "kèfèrí àti agbowó òde," ẹ rántí pé agbowó òde ni Mátíù kí Jésù tó pè é. Jésù jókòó bá wọn jẹun. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé a ò tún lè máa ṣe bíi pé ẹni náà ṣì ń rìn bá a ṣe ń rìn. Kì í ṣe àṣẹ láti kórìíra rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tààràtà. Wọn ò fún wa ní Mátíù 18:15 ká lè rán ọmọdé tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ padà lọ "yanjú ọ̀rọ̀" pẹ̀lú ẹni tó ṣe é, tàbí ká sọ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù pé kó lọ bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Orí kan náà yìí, ní ẹsẹ 6, ni Jésù ti sọ pé ó sàn kí wọ́n so ọlọ ńlá mọ́ ọrùn ẹni tó mú ọ̀kan nínú àwọn ẹni kékeré yìí kọsẹ̀, kí wọ́n sì jù ú sínú ibú òkun. Níbi tí ẹ̀mí tàbí ara èèyàn bá ti wà nínú ewu, ohun àkọ́kọ́ ni ká gbé ẹni tó wà nínú ewu kúrò, ká sì sọ fún àwọn tó lágbára láti dá ìwà náà dúró. Àwọn aṣáájú tó ń fi ẹsẹ yìí pa irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́ ń dáàbò bo ẹni tí kò yẹ.

Ohun tí ẹnu máa sọ

Ká sọ pé àbúrò kan nínú ìjọ yá ẹ̀gbọ́n kan lówó. Ọjọ́ àdéhùn ti kọjá, ẹ̀gbọ́n sì ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀bùn ni. Àbúrò lè wọlé kó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ara yín ní onígbàgbọ́, ojúkòkòrò yín ti pọ̀ jù. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe." Tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Ó dá ọkàn èèyàn lẹ́jọ́, ó fi gbogbo ayé ṣe ẹlẹ́rìí, ó ní "máa ń," kò sì dárúkọ owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú bí i, àmọ́ kò tíì sọ òótọ́ tó gbé e wá.

Ó sì lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Owó tí mo yá yín, oṣù tó kọjá la jọ fi àdéhùn sí. Mi ò rí i, mo sì gbọ́ pé ẹ ní ẹ̀bùn ni. Ó dùn mí gan-an, torí bá a ṣe sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín kí n tó gbà á gbọ́." Lẹ́yìn náà kó panu mọ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lè ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ọ̀nà àtiyẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìpàdé ló sì ti tibẹ̀ dàrú. Ìdáhùn rẹ̀ ni, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n. Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ ló rí?"

1 Tímótì 5:1 ní ká má ṣe bá àgbàlagbà wí pẹ̀lú ìkanra, ká pàrọwà fún un bíi bàbá. Ohùn ni ẹsẹ yẹn ń tún ṣe, kò ní ká gbé ọ̀rọ̀ mì. Òwe wa tó ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò bá a mu, kéèyàn ṣáà má fi ṣe àwáwí láti pọ́n àgbàlagbà tó ń jalè lé.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìtì igi inú ojú, Mátíù 7:3 sí 5. Wọ́n sábà máa ń fi ẹsẹ yìí pa èèyàn lẹ́nu mọ́: "Ìwọ náà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ ni?" Ẹ kà á dópin. Yọ ìtì igi kúrò lójú ara rẹ, nígbà náà lo máa ríran kedere láti yọ ẹ̀érún igi kúrò lójú arákùnrin rẹ. Ẹ̀érún igi yẹn ṣì máa jáde. Jésù kàn ń sọ irú ẹni tó lè fọwọ́ kan ojú ẹlòmíì. Bí àbúrò náà bá jẹ ẹnì kan lówó tí kò tíì san, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Gálátíà 6:1 náà ní ká fi ẹ̀mí tútù mú ẹni tó ṣubú bọ̀ sípò, ká sì máa ṣọ́ ara wa kí ìdánwò má bàa mú àwa náà.

Jósẹ́fù ní kí àwọn ará Íjíbítì jáde

Nínú gbogbo ìtàn inú Bíbélì tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti Jósẹ́fù ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ohun kékeré kan tó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 45:1. Àwọn arákùnrin rẹ̀ tà á. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, ebi lé wọn wá síwájú rẹ̀, wọn ò sì dá a mọ̀. Kò sáré dì mọ́ wọn. Ó dán wọn wò, ó fi ife fàdákà sínú àpò Bẹ́ńjámínì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ Rákélì, ó wò ó bóyá wọ́n á tún fi ọmọ Rákélì kejì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fi òun sílẹ̀. Júdà ló bọ́ síwájú, tó ní kí wọ́n mú òun lẹ́rú dípò ọmọ náà. Júdà yìí ló dá a lábàá nígbà náà pé kí wọ́n ta Jósẹ́fù.

Ìgbà yẹn ni Jósẹ́fù ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ohun tó sì kọ́kọ́ pa láṣẹ ni pé kí gbogbo àwọn ìránṣẹ́ jáde. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ilé Fáráò fi gbọ́, àmọ́ ẹkún nìkan ni wọ́n gbọ́. Nígbà tó ku òun àti wọn, ó ní: "Èmi ni Jósẹ́fù arákùnrin yín, tí ẹ tà sí Íjíbítì." Kò ní "ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ yẹn." Ó ní ẹ tà mí. Òtítọ́ náà jáde láìbó, àmọ́ kò sí ará Íjíbítì kankan nínú yàrá tó máa fi ojú ẹni tó ta arákùnrin rẹ̀ wò wọ́n lọ́la. Ní Jẹ́nẹ́sísì 50:20, lẹ́yìn ikú bàbá wọn, tí ẹ̀rù tún ń bà wọ́n, ó tún sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ gbèrò ibi sí mi, àmọ́ Ọlọ́run gbèrò rẹ̀ sí rere. Ó dárí jì wọ́n, kò sì pe ibi ní orúkọ míì.

Ìdáríjì àti àwọn ohun tí a ń kó pọ̀ mọ́ ọn

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí òun bá dárí ji ẹnì kan, òun gbọ́dọ̀ tún fọkàn tán an, òun gbọ́dọ̀ pa dà bá a ṣe wọléwọ̀de, òun ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó jìyà kankan. Nítorí pé wọn ò lè ṣe mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọ́n gbà pé àwọn ò tíì ṣe àkọ́kọ́. Ẹ̀rí ọkàn á wá máa dá wọn lẹ́bi lórí ohun tí Ọlọ́run ò bi wọ́n.

Máàkù 11:25 ní bó o bá dúró láti gbàdúrà, tó o sì ní ohunkóhun lòdì sí ẹnikẹ́ni, dárí jì í. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá tọrọ àforíjì. Lúùkù 17:3 ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, bá a wí, bó bá ronú pìwà dà, dárí jì í. Èyí ní "bó bá." Wọn ò ta ko ara wọn. Èyí tó wà nínú Máàkù jẹ́ ti ìwọ àti Ọlọ́run: o jáwọ́ nínú ẹ̀san, o fi ẹjọ́ náà lé e lọ́wọ́. Èyí tó wà nínú Lúùkù jẹ́ ti ìwọ àti ẹni náà, àárín yín tó ń pa dà bọ̀ sípò. Ìwọ nìkan lè ṣe ti àkọ́kọ́. Èkejì ń fẹ́ ẹni méjì.

Ìgbẹ́kẹ̀lé tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Wọ́n lè dárí ji akápò tó kówó jẹ, kí wọ́n sì má tún fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mọ́. Kì í ṣe kùnrùngbùn. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ àánú fún un, torí ó mú ìdánwò kúrò níwájú rẹ̀. Sákéù agbowó òde náà ò bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbàgbé owó wọn. Nínú Lúùkù 19:8, ó ní ẹni tóun bá fi èrú gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, òun á san án pa dà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ní ti ìjìyà, ẹ wo Dáfídì. Ó gba Bátíṣébà, ó sì ṣètò bí wọ́n ṣe pa Ùráyà ọkọ rẹ̀. Wòlíì Nátánì wá bá a nínú 2 Sámúẹ́lì 12, ó pa ìtàn ọlọ́rọ̀ kan tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Dáfídì bínú, ó ní ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Nátánì ní, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Dáfídì jẹ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Nátánì sọ fún un pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, kò ní kú, lójú ẹsẹ̀ náà ló sì sọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ náà máa fà wọ ilé rẹ̀. Ìdáríjì àti ìjìyà jáde lẹ́nu wòlíì kan náà, níjokòó kan. Ohun kan tún wà tó máa ń wù mí: 1 Kíróníkà 3:5 to orúkọ àwọn ọmọ tí Bátíṣébà bí fún Dáfídì, Nátánì sì ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Bíbélì ò sọ pé torí wòlíì náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ṣòro láti rò pé orúkọ ẹni tí wọ́n kórìíra ni wọ́n fún ọmọ.

Láyé òde òní, wọ́n gbìyànjú irú nǹkan yìí lórí gbogbo orílẹ̀-èdè kan. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà tí Gúúsù Áfíríkà fi òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu jẹ́ alága rẹ̀, lè fún ẹni tó hùwà ibi nítorí ìṣèlú nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní àforíjì lábẹ́ òfin, bó bá jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe láìfi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n kọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn béèrè. Ní 1999, wọn ò fún àwọn ọlọ́pàá tó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn ikú Steve Biko, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní àforíjì. Àwọn kan ṣì ń bínú pé ìgbìmọ̀ náà dẹwọ́ jù, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé ọmọ tàbí ọkọ wọn ni wọ́n pa. Síbẹ̀, àwọn tó gbé e kalẹ̀ mọ̀ pé àánú tí kò béèrè òtítọ́ kò ní wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ilé ẹjọ́, àti Síísà

"Bí ẹnì kan bá gbá ọ létí ọ̀tún, yí òsì sí i." Bí wọ́n bá ti ka Mátíù 5:39 báyìí, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ gan-an, wọ́n gbá a létí. Nínú Jòhánù 18:22, ẹ̀ṣọ́ kan gbá Jésù níwájú àlùfáà àgbà. Kò gbá a pa dà, kò sì dákẹ́. Ó ní bí òun bá sọ ohun tí kò dáa, kó jẹ́rìí sí i, àmọ́ bó bá jẹ́ ohun tó dáa, kí ló dé tó fi lu òun? Ìbéèrè tó fi ẹ̀ṣẹ̀ náà síwájú ẹni tó ṣẹ̀ nìyẹn. Ohun tí Mátíù 5 gbà lọ́wọ́ wa ni ẹ̀san. Kò gba ẹnu wa.

Pọ́ọ̀lù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Fílípì, wọ́n na òun àti Sílà ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ tú wọn sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Nínú Ìṣe 16:37, ó ní ọmọ ìlú Róòmù làwọn, kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Wọ́n wá, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Nínú Ìṣe 25:11, ó ké gbàjarè sí Síísà, olú ọba Róòmù. Ọkùnrin yìí kan náà ló bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí kíkankíkan nínú 1 Kọ́ríńtì 6 pé wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́, tó ní kí ló dé tí wọn ò kúkú jẹ́ kí wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Àríyànjiyàn owó àti dúkìá láàárín ará ni ìyẹn, irú èyí tí ọlọ́gbọ́n kan nínú ìjọ lè parí. Ẹni tó bá pààyàn, tó fipá báni lò, tàbí tó ń lu ìyàwó, ti Róòmù 13 ni, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti pe aláṣẹ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn èèyàn á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pa ẹni tí wọ́n ṣe léṣe lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Áńtíókù, Pétérù ń bá àwọn Kèfèrí jẹun, títí àwọn Júù kan fi dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ni Pétérù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn Kèfèrí nítorí ìbẹ̀rù wọn. Gálátíà 2:14 ní Pọ́ọ̀lù bá a wí lójú gbogbo wọn. Kò fò Mátíù 18 o. Ojú gbogbo èèyàn ni Pétérù ti ṣe é, ó sì ti fa Bánábà àtàwọn míì lọ, nítorí náà àwọn tó rí àṣìṣe náà ló gbọ́ àtúnṣe náà. Ohun tó sọ ò ju ohun tí wọ́n rí lọ. Nígbà tó yá, 2 Pétérù 3:15 pe Pọ́ọ̀lù ní arákùnrin wa olùfẹ́.

Bí kò bá gbọ́ ńkọ́?

Nígbà míì, wàá ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹni náà á sì rẹ́rìn-ín sí ọ. Róòmù 12:18 ti fàyè sílẹ̀ fún ìyẹn: bó bá ṣeé ṣe, níwọ̀n bó ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa gbé ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo èèyàn. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ní òpin. Òwe 9:8 tiẹ̀ ní ká má bá ẹlẹ́gàn wí, torí ó máa kórìíra wa.

Nínú lẹ́tà rẹ̀ kejì sí Tímótì, orí 4, ẹsẹ 14 àti 15, Pọ́ọ̀lù dárúkọ Alẹkisáńdà alágbẹ̀dẹ bàbà. Ó ní ó ṣe ibi púpọ̀ sí òun. Kò sọ bó ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ ó dájú pé ó mọ̀ ọ́n. Ó ní Olúwa á san án fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Tímótì, tí ọ̀rọ̀ náà lè kàn lọ́la, pé kí òun náà ṣọ́ra fún un, torí ó ta ko ọ̀rọ̀ wa gidigidi. Ìwọ̀nba tí Tímótì nílò ló sọ. Ní ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ó sọ nípa àwọn tó fi í sílẹ̀ nígbà ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ìbẹ̀rù lè mú àmọ́ tí wọn ò gbógun tì í. Kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó ní kí wọ́n má ṣe kà á sí wọn lọ́rùn.